Orí Tí Ọrùn Ń Gbé: Ọ̀rọ̀ Nípa Ìrìn Àjò Wa Sílé

  

Kò sí ẹni tó ń gbé Òkè Ọya tí kì í rin ọ̀nà ilé. Iléyá ń gbé wa lọ, Kérésìmesì ń gbé wa lọ. Òkú àgbà, ìgbéyàwó àti ìwúyè ń mú wa gba Tegina, Mokwa àti Jẹ́bà kí a tó kan Ìlọrin. A máa ń gbàdúrà ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó gbéra, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí tí a ń bẹ̀ pé kó gbè wá yìí, ọrùn ló ń gbé e. Ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣe àwọn méjèèjì bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan.

Ní ọdún 1687, Isaac Newton kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó bá ń lọ kò ní dúró àfi bí nǹkan mìíràn bá dá a dúró. Bí bọ́ọ̀sì wa bá forí sọ tírélà, bọ́ọ̀sì ló dúró. Àwa tí a wà nínú rẹ̀ ṣì ń lọ. Àga iwájú tàbí gíláàsì ni yóò dá wa dúró. Nígbà tí agbárí bá sì dúró, ọpọlọ, tí kò wúwo ju bíi kílò 1.4 lọ, tó sì wà nínú omi, ṣì ń lọ nínú agbárí, yóò sì gbá a. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi lè máa ya nínú orí ẹni tí kò ní ọgbẹ́ kankan lójú.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbá wa, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Àga yóò ti ẹ̀yìn wa síwájú lójijì, ṣùgbọ́n orí, tó tó bíi kílò 5, yóò kọ́kọ́ dúró síbi tó wà. Ọrùn yóò tẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn náà orí yóò fì síwájú bí ẹnu pàṣán. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Ọ̀kan nínú wa rí irú èyí nígbà tó ń bọ̀ láti ilé Iléyá. Bọ́ọ̀sì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ẹ̀yìn sì kọlù ú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bí a bá pè é, gbogbo ara ló fi ń yí. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora ọrùn ṣe ń pẹ́ kó tó yọjú. Àga bọ́ọ̀sì náà kò ga ju èjìká lọ, kò ní ìrọ̀rí tí orí lè fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti eré. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, bó bá kọlu ògiri, ó dà bí ẹni tó já bọ́ láti mítà 10, ìyẹn orí ilé alájà mẹ́ta. Bó bá jẹ́ 100, kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni: bíi mítà 40. Ọmọ kílò 10 tí ìyá gbé lẹ́sẹ̀, bí eré 50 bá dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, yóò fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹrù kílò 140. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò ìrẹsì ńlá mẹ́ta. Ọwọ́ ìyá wo ló lè dì í mú?

Nils Bohlin, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló ṣe bẹ́líìtì tó gba èjìká àti ìbàdí fún iléeṣẹ́ Volvo ní ọdún 1959. Egungun tó le ló ń dì mú, ó sì ń jẹ́ kí ara dúró pọ̀ mọ́ ọkọ̀. Ẹ má fi í sábẹ́ apá. Kí aláboyún fi ti ìsàlẹ̀ sábẹ́ ikùn. Kí ìrọ̀rí àga sì ga dé orí wa, kó súnmọ́ ìpàkọ́.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, lórí 122. Wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká tiwa sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí iná tàbí ewu mìíràn kò bá sí, ẹ má fa ẹni tó farapa lọ́rùn. Ẹ di orí rẹ̀ mú kó má mì. Ẹni tó bá ń bì, tó ń sùn jù, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Kí ẹnikẹ́ni má fi òróró wọ́ ọ lọ́rùn.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìgbìmọ̀ tó ń háyà ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ ni pé kí wọ́n wo bẹ́líìtì àti àga kí wọ́n tó dúnàá dúrà. Ọkọ̀ tó pọ́n owó díẹ̀ sàn ju èyí tí yóò sọ wá di ẹni tí a ń kó aṣọ dúdú tọ̀ wá.

Ọlọ́run yóò mú wa dé ilé láyọ̀, yóò sì mú wa padà láyọ̀. Ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì de bẹ́líìtì.