Ìgò Kékeré Inú Kúlà

Ìka méjì péré ni nọ́ọ̀sì fi ń mú ìgò náà jáde nínú kúlà. Ó gbọ̀n ọ́n, omi inú rẹ̀ sì funfun bàìbàì bí omidùn. Ìdajì mílílítà ni, ọmọ kan ṣoṣo ló wà fún.

Ara ìgò náà gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí Ajah ní Èkó mọ̀ ọ́n wò. Àmì róbótó kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ elésè àlùkò, tí ojú onígun mẹ́rin kékeré kan wà láàárín rẹ̀. Ooru ló ń mú kí ojú yẹn dúdú sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ṣì mọ́ ju àwọ̀ tó yí i ká lọ, ooru ò tíì bà á jẹ́. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, ẹ má gbà á. Lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ń há ọkọ̀ mọ́ oríta Abraham Adesanya lójú oòrùn ọ̀sán, àmì yìí ni ẹlẹ́rìí. Kì í ṣe àfojúdi láti ní kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín.

Abẹ́rẹ́ HPV ló wà nínú ìgò náà. Ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀wàrà 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fi kún àjẹsára ọ̀fẹ́, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá lówó ọsibítù aládàáni ló ń rí i gbà fún ọmọ rẹ̀. Ó dùn mí, torí láti 2006 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i.

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń dènà. Ní 2020 nìkan, obìnrin bí 12,000 ló kó o ní Nàìjíríà, nǹkan bí 8,000 sì bá a lọ. Ìbálòpọ̀ ló ń tan HPV, kòkòrò tó ń fà á, kálẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń fún, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí kòkòrò náà tó rí wọn.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní sọ ọmọ mi di àgàn?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ń lé ìyá náà padà sílé ni. Rárá, kò ní sọ ọ́ di àgàn: kò sí kòkòrò alààyè kankan nínú rẹ̀, àwòrán èèpo rẹ̀ lásán ni wọ́n ṣe, kí ara lè dá ọ̀tá mọ̀. Apá lè dùn ún, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀. Kí ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀, torí òòyì máa ń kọ́ àwọn mìíràn.

Ẹ tọ́jú káàdì àjẹsára rẹ̀. Ní ti ìyá fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló kàn án, torí abẹ́rẹ́ yìí kì í lé ohun tó ti wọ ara jáde. Ọmọ náà yóò sì ṣe àyẹ̀wò bó bá dàgbà, nítorí kì í ṣe gbogbo irú kòkòrò náà ni abẹ́rẹ́ yìí ń ká lápá kò.