Omi Ló Fa Àṣírí Igi Jáde

(Ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn ní Ìbàdàn ni, lóṣù kìn-ín-ní, ọ̀yẹ́ ń fẹ́. Ìdòwú káfíńtà, tí kò fi ilé sílẹ̀ rí, ló kan wọ́dúróòbù tuntun fún ìyá wọn. Àlàbá àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Leeds dé lẹ́yìn ọdún méjìlá. Iṣẹ́ ọ̀dà fífín sára kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ló ń ṣe lọ́hùn-ún.)

ÌDÒWÚ: Dúró ná. Ọ̀dà wo lo gbé dání yẹn?

ÀLÀBÁ: Ọ̀dà olómi ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò.

ÌDÒWÚ: Àìrùn rẹ̀ gan-an ló mú mi bèèrè. Ọ̀dà tí kò rùn, ara ògiri ni tiẹ̀. Autobase, ọ̀dà ọkọ̀, la fi ń fín wọ́dúróòbù. Wàá fi tínà là á, wàá fín in, kò ní pẹ́ tí wàá fi lè fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

ÀLÀBÁ: Yàrá Màmá mà ló ń lọ. Ṣé ikọ́ fée yẹn lẹ fẹ́ kó máa bá tínà fà á?

ÌDÒWÚ: Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Àbí nítorí ikọ́ ni àwọn òyìnbó tìẹ náà fi sá fún un?

ÀLÀBÁ: Òfin ló lé wọn. Ọdún 2004 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe é, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà láàárín wọn nígbà yẹn. Ó mú wọn lọ́dún 2007, wọ́n tún fún okùn rẹ̀ mọ́ wọn lọ́rùn lọ́dún 2010. Bí ọ̀dà ilẹ̀kùn àti fèrèsé bá jẹ́ elépo, ohun tó lè fò lọ sínú afẹ́fẹ́ látinú lítà kan kò gbọ́dọ̀ ju 300 gíráàmù. Bó bá jẹ́ olómi, 130. Ọ̀dà ara ilé ni òfin náà ń bá wí, síbẹ̀ àwọn tó ń po ọ̀dà ti kó gbogbo ọgbọ́n wọn lọ sídìí omi.

ÌDÒWÚ: Ó dáa. Ọgbọ́n yẹn dà nígbà tí mo fi ọ̀dà olómi kun bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan lọ́dún kẹta sẹ́yìn? Funfun báláú ni mo kùn ún. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti yọ àbàwọ́n káàkiri bí ibi tí ọmọ tọ̀ sí. Mo tún un kùn, ó tún yọ. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún yọ! Oníbàárà ní ayédèrú ọ̀dà ni mo rà, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

ÀLÀBÁ: Pákó wo lẹ fi kàn án?

ÌDÒWÚ: Ìdígbó. Bódìjà ni mo ti rà á.

ÀLÀBÁ: Hàáà.

ÌDÒWÚ: Hàáà kí ni?

ÀLÀBÁ: Bí òjò bá pa ìdígbó níbi tẹ́ ẹ tò ó sí, báwo ni omi tó ń ro sílẹ̀ lára rẹ̀ ṣe ń rí?

ÌDÒWÚ: Bí omi ata ilẹ̀ pupa. Aṣọ tó bá kàn, aṣọ iṣẹ́ ló dà nìyẹn. Mo… (Ó dákẹ́.) Omi inú ọ̀dà yẹn ló fà á jáde.

ÀLÀBÁ: Òun ni. Ẹ ò báà kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ kàn ń bu omi kún un ni.

ÌDÒWÚ: Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi bú ọlọ́dà!

ÀLÀBÁ: Ọ̀gànwó náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrókò ńkọ́? Òyìnbó ò fi ojú kékeré wo ìrókò.

ÌDÒWÚ: Wọ́n mọ ìrókò lọ́hùn-ún?

ÀLÀBÁ: Tábìlì tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kọ́ kẹ́mísírì láyé ọjọ́un, ìrókò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí wọ́n bá ń tún ilé ìwé ṣe, wọ́n á tú u tà, àwa á rà á fi ṣe tábìlì ìdáná. Orúkọ tí a ń pè é nílé náà ni wọ́n ń pè é. Ìdígbó ń jẹ́ ìdígbó, àfàrà ń jẹ́ àfàrà.

ÌDÒWÚ: Olúwéré náà ti gba físà.

ÀLÀBÁ: Ó gbà á ṣáájú mi dáadáa. Wọ́dúróòbù yìí ńkọ́, igi wo ni?

ÌDÒWÚ: Àfàrà lara rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjèèjì… ìdígbó ni.

ÀLÀBÁ: A ní láti dí i lẹ́nu kí ọ̀dà olómi tó kàn án nìyẹn. Shellac ni wọ́n ń lò, wọ́n á pò ó mọ́ àwọ̀ funfun—

ÌDÒWÚ: Shellac? Èyí tó ń rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, tí a ń rẹ sínú sipíríìtì? Mo fi akísà pa á mọ́ra àga títí èékánná mi fi dúdú nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Pólíìṣì ọ̀gá mi lo fẹ́ wá tà fún mi yẹn!

ÀLÀBÁ: Inú garawa alárànbarà ni wọ́n ń rọ ọ́ sí lọ́hùn-ún. Ọ̀kan náà ni. Òórùn sipíríìtì kì í pẹ́ lọ, ẹ̀yìnkùlé la sì máa ti lò ó. Ṣùgbọ́n ká tó kùn ún, ẹ jẹ́ ká fi akísà tútù nu igi náà.

ÌDÒWÚ: Ká fomi kan igi tí mo ti fi pépà yọ́ dán?

ÀLÀBÁ: Irun igi máa ń dìde tómi bá kàn án. Ó sàn kó dìde báyìí ju kó dìde lábẹ́ ọ̀dà. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi pépà 240 gé e wẹ́lẹ́, kò ní dìde tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

ÌDÒWÚ: Ọ̀dà ògiri kan ṣẹ́kù nílé tí mo kun oṣù tó kọjá. A ò lè lò ó ni?

ÀLÀBÁ: Emulsion? Ara rẹ̀ rọ̀ jù. Ẹ gbé ìwé lé e, ìwé á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò máa fà. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀kùn àti àga la ń wá, tí kò dán jù, nítorí ọ̀dà tó bá ń dán yinrin á fi gbogbo ibi tí bódì fílà wà han ayé.

ÌDÒWÚ: Kò sí bódì fílà lára iṣẹ́ tèmi.

ÀLÀBÁ: Mo ti rí i níbi méjì, Bọ̀ọ̀dá.

ÌDÒWÚ: Fín ọ̀dà ẹ.

ÀLÀBÁ: Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n tú omi tó wà nísàlẹ̀ àgbá kọ̀mpírẹ́sọ̀. Mo ti fi omi là á díẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ da nǹkan bo imú.

ÌDÒWÚ: Kí ni mo fẹ́ bo imú sí? Ṣebí kò rùn.

ÀLÀBÁ: Kíkùn yẹn ni kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń fín in, ó di kúrukúru nìyẹn, bó rùn bí ò rùn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

(Ó fín in sára pákó àlòkù kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ gbọọrọ, kò jìnnà, kò súnmọ́, ìlà kejì ń gun ìdajì ìlà àkọ́kọ́. Ọ̀dà náà gbẹ kíá. Ìdòwú fi àtẹ́lẹwọ́ pa á.)

ÌDÒWÚ: Gààrí ni.

ÀLÀBÁ: Kò ṣe irú eléyìí rí.

ÌDÒWÚ: Ní Leeds ni kò ti ṣe é. Wo ètè rẹ bó ṣe là. Ọ̀yẹ́ tó gbẹ omi ẹnu rẹ, ṣé ọ̀dà ló máa yọ̀ǹda? Ojú ọ̀nà ló ti ń gbẹ, kó tó balẹ̀ ó ti di eruku.

ÀLÀBÁ: N bá fi omi kún un…

ÌDÒWÚ: Kó wá máa ṣomijé lára ilẹ̀kùn tó wà lóòró? Rárá. Ìdájí ni ká fín in, kí oòrùn tó yọ, nígbà tí ìrì díẹ̀ ṣì wà. Wọ́n omi sílẹ̀ yíká lálẹ́ òní, kó mú eruku mọ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ náà lè tutù. Dá ilẹ̀kùn dùbúlẹ̀ sórí àpótí, má fín in lóòró. Kí o sì súnmọ́ ọn ju bó o ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan.

ÀLÀBÁ: Ó dáa, sà. Àwa ò ní ọ̀yẹ́ lọ́hùn-ún, ibi tó ń gbóná ni a máa ń wá kí ọ̀dà lè gbẹ.

ÌDÒWÚ: Ìgbà wo ni Màmá lè kó aṣọ sínú rẹ̀? Ọjọ́ Sátidé ni mo ṣèlérí.

ÀLÀBÁ: Á gbẹ lójú lọ́la. Ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ dénú. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó le dáadáa.

ÌDÒWÚ: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ìwọ lo máa lọ sọ fún un.

ÀLÀBÁ: Èmi kọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí Sátidé.