Káàdì yẹ́lò

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í pẹ́ gbà.
Káàdì rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ará Ajégúnlẹ̀ tó jẹ́ Wálé lórí káàdì, tó jẹ́ Adéwálé nínú pásípọ́ọ̀tù, èèyàn méjì ni lójú òṣìṣẹ́ ẹnubodè.
Atukọ̀ tó fẹ́ wọkọ̀ ní Àpápá náà kò yọ sílẹ̀.

Déètì tún ní tirẹ̀.
Ó di ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì tó múlẹ̀.
Ọdún 10 ló ń lò tẹ́lẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2016, ó di títí ọjọ́ ayé, àti tàtijọ́ àti tuntun.
Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń dá ẹlòmíì padà nítorí déètì àtijọ́.

Orúkọ, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, déètì: iwájú tábìlì tí wọ́n ti ń kọ káàdì ló yẹ kéèyàn ti yẹ̀ wọ́n wò.
Èwo ni wọ́n ń ṣì kọ jù?