Oògùn Kòkòrò Wà Lára Dóńgóyárò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, nítorí ìwọ̀n ni ewé ń dára mọ. Ẹni tí kò gbin ẹ̀fọ́ rí ni yóò gba ẹjọ́ yìí! Àwa tí a ní ebè tẹ̀tẹ̀ àti ewédú díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣáṣá, ní Alímọ̀ṣọ́, kò lè gbà á. Àfòpiná kan yóò yé ẹyin sábẹ́ ewé lóru. Kí a tó mọ̀, kòkòrò aláwọ̀ ewé ti ká ewé tẹ̀tẹ̀ jọ bí ẹní, yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi ku iṣan nìkan.

Aládùúgbò kan gbà wá níyànjú pé kí a fi ọ̀tapíapíá wọ́n ọn. A bi í léèrè pé, ọjọ́ mélòó ni a óò dúró kí a tó já ẹ̀fọ́ náà fún àwọn ọmọ? Kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè náà kì í sì í ṣe kékeré. Ọ̀tapíapíá sábà máa ń ní dichlorvos nínú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kéékèèké. Ohun tí àjèjì kọ̀ lára ẹ̀wà, ṣé ó yẹ kí a sè é sínú ọbẹ̀ àwọn ọmọ wa?

Dóńgóyárò ni àwa yàn. Ní 1959, onímọ̀ ọmọ Jámánì kan, Heinrich Schmutterer, rí i ní Sùdáànì pé eéṣú jẹ ewé igi yòókù tán, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ dóńgóyárò. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà, tí a ń pè ní azadirachtin, pọ̀ jù nínú kóró èso rẹ̀. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Kòkòrò tó bá jẹ ẹ́ kò ní lè jẹun dáadáa mọ́, kò sì ní lè bọ́ awọ rẹ̀ kí ó dàgbà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé kò ṣiṣẹ́: òkú kòkòrò ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ kejì. Ewé ni kí ẹ máa wò. Bí ihò tuntun kò bá yọ mọ́, oògùn ti jẹ́ nìyẹn.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ gún ewé tútù kìló 1, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 5 mọ́jú. Bí ẹ bá rí kóró gbígbẹ, ìdajì kìló tí a gún, nínú omi lítà 10, lágbára ju ewé lọ. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ́n ọn, kí ó sì dé abẹ́ ewé, nítorí oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, òjò sì ń fọ̀ ọ́ dànù. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àwa ń tún un wọ́n. Èyí tó ti tóbi nínú kòkòrò, ọwọ́ ni a fi ń ṣà á láàárọ̀ fún àwọn adìyẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: kì í ṣe gbogbo oògùn tó ti ara ewé wá ni kò léwu. Omi tabà ń pa kòkòrò, májèlé ni fún ènìyàn náà. Òróró dóńgóyárò pàápàá ti ṣe ọmọ ọwọ́ tí a fún mu ní jàǹbá. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé, kí ẹ sì fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà Ìkọ̀tún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Bí a bá ń sá fún gbogbo ẹ̀fọ́ tó ní ihò kan tàbí méjì, àwa gan-an ni à ń ti ẹni tó ń gbìn ín sídìí májèlé. Àwọn àgbà kò purọ́ níbẹ̀: ìwọ̀n ni ewé ń dára mọ.