Iṣẹ́ Tó Ń Bá Sójà Kó Ẹrù

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé abẹ́rẹ́ kì í yé bi àwa àgbà tí a ti ń múra àtifi iṣẹ́ sílẹ̀: kí ló dé tó jẹ́ pé ibikíbi tí bárékè bá wà ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń rán kuílíìtì kì í jìnnà síbẹ̀? Èsì tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí wọ́n tiẹ̀ máa ń gbé wá fúnra wọn, ni pé ọkọ lọ sójú ogun, àárò ń sọ ìyàwó nílé, ló bá wá nǹkan fi pa ìrònú rẹ́. Mi ò gbà. Ẹni tí àárò ń sọ lè wo tẹlifíṣọ̀n, ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lè sùn. Àárò kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí igun mẹ́rin ṣe ń pàdé láìyẹ̀. Èmi gbà pé bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe rí ló jẹ́ kó bá ilé sójà mu. Ìrépé la fi ń to kuílíìtì, ìrépé sì ṣeé dá dúró, ó ṣeé dì sínú àpótí, ó ṣeé tú nílùú mìíràn kí a sì bá a lọ láti ibi tí a bá a dé. Ìdílé tí wọ́n ń ṣí nípò ní ọdún méjì sí mẹ́ta síra kò lè ri ìkòkò aró mọ́lẹ̀, kò sì lè gbé òfì kalẹ̀ sí àgbàlá tí kì í ṣe tiẹ̀. Àmọ́ kò sí bárékè tí kò gba àpò ìrépé.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìyàwó tó dá wà lè kúrò nílẹ̀ ná. Nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria, àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán kuílíìtì, pàápàá àwọn tó wà ní Íńdíà àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Crimea. Aṣọ ológun, èyí tó ti gbó àti èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ télọ̀ ẹgbẹ́ ogun, ni wọ́n ń gé: aṣọ irun àgùntàn tó nípọn, pupa, dúdú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè. Òmíràn nínú wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìrépé kéékèèké tí wọ́n fi ọwọ́ rán mọ́ra. Àwòrán kan tí Thomas Wood yà ní 1856 wà ní Hunterian Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Sójà kan tó ń jẹ́ Thomas Walker, tó fi orí gbọgbẹ́ ní ogun Inkerman ní 1854, ló wà nínú rẹ̀, tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tó ń to ìrépé aṣọ ológun. Àwọn tó ń wàásù lòdì sí ọtí gbé iṣẹ́ yìí lárugẹ, wọ́n ní ó ń yọ ọmọ ogun kúrò nídìí ìgò àti tẹ́tẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ọtí pọ̀. Kí ló dé tí wọn ò fi hun apẹ̀rẹ̀? Sójà ti ní abẹ́rẹ́ àti òwú nínú ẹrù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe, aṣọ tó nípọn tí etí rẹ̀ kì í tètè tú wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀, ìrépé tó bá sì ti rán kò ní dí i lọ́wọ́ nígbà tí fèrè bá dún pé kí wọ́n gbéra.

Ní Amẹ́ríkà, ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1861 ló fa kuílíìtì wọ iṣẹ́ ogun. Ìgbìmọ̀ Sanitary Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún náà, gba aṣọ ìbora lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìhà Àríwá fún àwọn ọsibítù àti àgọ́. Péréte ló ṣẹ́kù lónìí nítorí pé wọ́n fi wọ́n bora títí wọ́n fi gbó. Ní 1917, nígbà tí wọ́n nílò irun àgùntàn fún bùláńkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ogun, wọ́n rọ àwọn ará ilé láti máa fi kuílíìtì bora. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìwé ìròyìn Modern Priscilla tẹ àpẹẹrẹ kuílíìtì kan jáde fún Red Cross: ẹni tó bá sanwó ni wọ́n á rán orúkọ rẹ̀ sára aṣọ, kí kuílíìtì kan lè mú ẹgbẹ̀rún dọ́là wọlé. Orúkọ àwọn tó sanwó kún ojú aṣọ; orúkọ ẹni tó rán an sọnù lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, màá sì padà sórí rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo lọ́gàá nínú gbogbo ìtàn yìí, Ethel Mulvany ni màá mú. Ọmọ Kánádà ni, dókítà ológun sì ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Singapore bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Japan ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1942, wọ́n kó àwọn obìnrin àti ọmọdé tó tó nǹkan bí irínwó lọ sí ẹ̀wọ̀n Changi. Wọ́n ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, ìyàwó kò sì mọ̀ bóyá ọkọ òun kú tàbí ó wà láàyè. Àwọn ọmọdébìnrin ló kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́. Elizabeth Ennis, tí òun àti Kápútéènì Jack Ennis ṣègbéyàwó ní ìwọ̀nba ọjọ́ kí ìlú náà tó ṣubú, kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ Girl Guides. Àwọn náà wá ìrépé kiri, wọ́n gé e ní onígun mẹ́fà, wọ́n sì rán kuílíìtì fún un fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó wà ní Imperial War Museum báyìí. Lẹ́yìn náà ni Mulvany gbé ìmọ̀ràn tirẹ̀ kalẹ̀: kí obìnrin kọ̀ọ̀kan gba ìrépé aṣọ funfun oní-ínǹṣì mẹ́fà, kó fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó sì ya nǹkan tí ọkọ rẹ̀ á fi dá a mọ̀. Ìrépé 66 ló wà nínú kuílíìtì kọ̀ọ̀kan, kuílíìtì sì jẹ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ọ̀kan wà fún àwọn ọmọ ogun Japan tó fara gbọgbẹ́, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má bàa dí àwọn méjì yòókù lọ́wọ́ láti dé ọsibítù tí àwọn ọkùnrin wà. Ọkùnrin tó bá rí orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ó ń mí. Méjì wà ní Australian War Memorial ní Canberra lónìí, ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ British Red Cross.

Ẹni tó bá gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí lè takò mí pé ọnà abẹ́rẹ́ lórí ìrépé ni ti Changi, kì í ṣe kuílíìtì tòótọ́, níwọ̀n bí kò ti ní òwú tí wọ́n tẹ́ sáàárín tí wọ́n sì rán pa. Bí a bá gba ìdíwọ̀n yẹn, ọ̀pọ̀ kuílíìtì àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà á jáde kúrò nínú ìtàn, nítorí kò sí òwú tí wọ́n tẹ́ sáàárín wọn. Ẹlòmíràn á ní ìbànújẹ́ ló rán àwọn aṣọ yẹn, pé mò ń fi ètò iṣẹ́ bo ọkàn àwọn obìnrin náà mọ́lẹ̀. Mi ò sọ pé wọn ò banú jẹ́. Ìbànújẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wọn bí wọn yóò ṣe rán an. Ta ni ìbá fi òfì hun aṣọ kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n há mọ́ yàrá ẹ̀wọ̀n? Kuílíìtì nìkan ló gbà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, kó fi pamọ́ nígbà tó bá yẹ, kí ẹlòmíràn sì wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mulvany rí èyí, ohun tí mo fi ń pè é lọ́gàá nìyẹn.

Irinṣẹ́ tí mo ń dárò ni máṣíìnì Singer 221, tí wọ́n ń pè ní Featherweight. Ní 1933 ló jáde, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sì dá a dúró. Kò ju nǹkan bíi kílò márùn-ún lọ, inú àpótí dúdú kékeré ló ń gbé. Àwọn tí kò gbé bárékè rí kò lè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìwọ̀n ẹrù tí ìjọba Amẹ́ríkà á bá ìdílé sójà gbé láti bùdó kan dé èkejì ní ààlà, ipò ẹni tó wọ iṣẹ́ ológun ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Férémù onígi tí wọ́n ń na odindi kuílíìtì sí, tí ó ń gba yàrá kan fún ara rẹ̀, ni ẹrù àkọ́kọ́ tí ìdílé kékeré á fi sílẹ̀. Ìyàwó sójà fi férémù sílẹ̀, ó mú òrùka igi tó ń wọ abẹ́ apá, ó gbé Featherweight dání, iṣẹ́ sì ń lọ láti Texas dé Jámánì. Wọ́n á ní ó ṣì wà lọ́jà. Ó wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, lórí pẹpẹ tí wọn kì í fi ọwọ́ kàn.

Longarm, máṣíìnì ńlá tí wọ́n fi ń rán kuílíìtì pa, ló wá da ọ̀ràn rú. Orí tábìlì tó ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni máṣíìnì yìí ń jókòó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni owó rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí sójà ń gbé kiri. Láti ìgbà tó ti gbajúmọ̀ ni iṣẹ́ ti pín sí méjì: ẹnì kan á to ojú aṣọ, á kó o fún onílongarm, ìyẹn á rán an pa. Nínú ìpín yẹn, ìyàwó sójà ló pàdánù jù, nítorí òun ni kò ní ilé tó dúró. Obìnrin tí àwọn ìyá rẹ̀ máa ń ṣe kuílíìtì láti orí ìrépé àkọ́kọ́ dé ojú abẹ́rẹ́ ìkẹyìn wá di ẹni tó ń san owó fún ẹlòmíràn láti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ èsì tí wọ́n á fún mi. Wọ́n á ní máṣíìnì ti wà nínú iṣẹ́ yìí láti ayé Singer àtijọ́, wọ́n á sì rán mi létí Caryl Bryer Fallert, tó fi kuílíìtì tó fi máṣíìnì rán pa gba ẹ̀bùn tó ga jù ní ìdíje kuílíìtì ní Paducah ní 1989, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n máṣíìnì ilé ni ti Fallert, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kì í ṣe máṣíìnì ni mò ń bá jà. Èsì tó le jù ni ti ẹgbẹ́ Quilts of Valor, tí Catherine Roberts dá sílẹ̀ ní 2003 nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun ní Ìráàkì. Kuílíìtì tí wọ́n ti fún àwọn tó jagun ti ju 300,000 lọ, wọn ò sì gba èyí tí wọ́n kàn fi òwú so. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rán pa. Láìsí àwọn onílongarm tó ń fi ọ̀fẹ́ rán an, iye yẹn kò ní jẹ́ ìdajì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Tí sójà bá nílò aṣọ ìbora lónìí, ó yẹ kó rí i gbà kíákíá. Àmọ́ iye aṣọ tó jáde kò sọ nǹkan kan fún wa nípa bí obìnrin kan ṣe ń di oníṣẹ́ ọnà. Ẹni tó ń to ojú aṣọ nìkan kò ní mọ ohun tí ilà abẹ́rẹ́ ń ṣe sí àwọ̀, kò ní mọ ibi tó yẹ kí aṣọ ga àti ibi tó yẹ kó rì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n ra longarm, pé mo lọ́ra, pé bí mo bá ti kó iṣẹ́ fún ẹlòmíràn parí ni, ǹ bá ti rán ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mo rán. Ìṣirò wọn tọ̀nà. Ohun tí wọn ò ṣírò ni pé kò sí èyí tí mo rán tí wọ́n á ní kí n fi ìka tọ́ka sí ibi tí tèmi parí. Àwọn ìdíje ńlá mọ ìyàtọ̀ yìí: wọ́n ń ya èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rán pa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí máṣíìnì ilé rán, wọ́n sì ń ya ìyẹn náà sọ́tọ̀ kúrò lára ti longarm. Ní àwọn ìpàtẹ kéékèèké tó yí bùdó ológun ká ni wọ́n ti ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n á kọ orúkọ ẹnì kan sára iṣẹ́ ènìyàn méjì, bíi ti àwọn olówó 1917, tí wọ́n á sì máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé tèmi wá. Ibi tí wọ́n bá ti ń béèrè ẹni tó rán an pa ni mò ń gbé e lọ.