Ẹ Má Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ Kọ́bọ̀ Àtijọ́

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ mẹ́jọ ìyá wa ní Ọ̀fà ni a gbé ìkòkò kan jáde lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Owó àtijọ́ ni ó kún inú rẹ̀: ọ̀níní, ẹ́pìnnì, kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Ẹ̀yin ìyá wa àgbà mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá náírà láyé, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní January 1973, ẹ gbọ́ pé ọ̀níní mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ méjìlá sì ni ṣílè kan.

Ọkùnrin kan tí ń ra idẹ àlòkù ti dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀, ó ní òun yóò rà gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìyàwó àbúrò mi sì ti mú eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ wá láti fi fọ̀ wọ́n kí wọ́n lè dán. Áfáà tí yóò pín ogún ni ó dá wọn dúró. Ó ní a kì í pín ohun tí a kò mọ iye rẹ̀. Èmi tí mo ti ń ṣa irú owó bẹ́ẹ̀ jọ láti ilé ìwé ni wọ́n ní kí n tò ó.

Èkíní, mo kó ọsàn náà kúrò. Dúdú tí owó àtijọ́ dú, awọ ara rẹ̀ ni. Bí a bá fi eérú bó o, ẹni tí ń rà á yóò mọ̀ lójú kan, yóò sì gé owó rẹ̀. Omi lásán àti aṣọ rírọ̀ ti tó.

Lẹ́yìn náà, mo wo adé tí ó wà lókè ihò kọ́bọ̀, nítorí ibi tí ó yọ sókè ni ó ń kọ́kọ́ jẹ. William Sheldon, ará Amẹ́ríkà, gbé òdiwọ̀n kan kalẹ̀ ní 1949, láti 1 dé 70. Láti 60 sókè ni owó tí a kò tíì ná. Tiwa kò súnmọ́ ibẹ̀; ọjà ti jẹ ẹ́ lára.

Ṣílè ni mo fara balẹ̀ wò jù. Èyí tí a rọ láti 1913 títí dé 1919, fàdákà gidi ni. Láti 1920 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ ọ́. (Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà mọ̀ ọ́n, wọ́n ti yọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe ẹ̀gbà.) Mọ́kànlá ni mo rí. Lórí òṣùwọ̀n ọkùnrin yẹn, idẹ ni gbogbo wọn ìbá jẹ́!

Kọ́bọ̀ 1936 kan wà níbẹ̀ tí ó ní orúkọ Ọba Edward Kẹjọ, ẹni tí ó fi oyè sílẹ̀ ní December ọdún náà gan-an. Nítorí ihò, kọ́bọ̀ wa kò gba orí ọba, orúkọ nìkan ni a ń kọ sí i, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi tètè jáde. Ó pọ̀, kò wọ́n. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni àṣìṣe ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham, tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ H: ojú kan jẹ́ ti sẹ́ǹtì mẹ́wàá Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ojú kejì jẹ́ ti kọ́bọ̀ wa. Mo yẹ tiwa wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan wà tí kò nihò! Ilé ìrọwó a máa gbàgbé ihò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, owó gidi sì ni irú rẹ̀. Inú gbogbo ilé dùn. Mo gbé awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lé e, mo rí ìlà tín-ín-rín tí ó yí àárín rẹ̀ ká. Òjé ni ẹnìkan fi dí i. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe tòótọ́, irin kan náà ni yóò jẹ́ láti etí dé àárín, kò ní ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́.

Ṣílè fàdákà kan ní tirẹ̀ ní ihò tí kò yẹ kí ó ní. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe ilé ìrọwó. Ìṣó ni wọ́n fi lu ú kí ọmọ lè fi okùn so ó mọ́ ọrùn. Olùrà kò ní fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun ni òun wọ̀ ọ́ ní kékeré, kí a kà á mọ́ ìpín òun. Áfáà wọn ọ́n bí fàdákà, ó sì fún un. Ẹ́pìnnì tí ó ti jẹ tán nìkan ni a tà fún oníṣòwò idẹ.