Lẹ́tà Mẹ́ta Tó Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Màmá Mi

Ní ìsinmi tó kọjá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, màmá mi pè mí láti pálọ̀. "Àkànní, wá wo Wi-Fi yín yìí o. Kò jẹ́ kí n ka ohun tí mo fẹ́ kà."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé dátà ilé ti tán tàbí pé nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún bàbá mi ní ọsibítù pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, ó sì kọjá 126 mg/dL, ibi tí àwọn dókítà ti ń fura sí àtọ̀gbẹ. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, bákan náà ni. Bàbá ti sọ pé kò sí ẹni tó máa gba iyán lẹ́nu àwọn. Ẹnìkan ní ọjà sì ti sọ fún màmá pé kí bàbá pa oògùn ọsibítù tì, kí wọ́n máa mu omi ewúro nìkan. Màmá kò fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn kà á kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Google ṣí, ó kó ìkànnì lóríṣiríṣi jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ ọ̀kan, yóò máa yí, yóò máa yí, títí yóò fi sọ pé òun kò rí i. WhatsApp ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìròyìn ń ṣí. Ohun tí màmá ń wá nìkan ni kò ṣí.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ fura sí ni àbúrò mi ọkùnrin, tó wà ní SS3. Ní oṣù méjì ṣáájú, mo rí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ fọ aṣọ. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa, òun ni mo máa ń dá lẹ́bi. "Kí lo tún ṣe sí Wi-Fi?" ni mo pariwo.

Ó yọjú láti yàrá. "Bọ̀dá mi, èmi kọ́ o. Mi ò fọwọ́ kàn án."

N kò gbà á gbọ́. Mo jókòó ti ráótà, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tò ó, ó lè wúlò fún ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Mo kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti aago orí fóònù, torí bí ọjọ́ kò bá tọ̀nà, àwọn ìkànnì tó ní ààbò lè kọ̀ láti ṣí. Ọjọ́ tọ̀nà. Mo gbé laptop mi, mo gbìyànjú ìkànnì kan náà, kò ṣí níbẹ̀ náà. A jẹ́ pé ẹ̀bi fóònù màmá kọ́. Mo pa Wi-Fi, mo lo dátà fóònù mi: kíá, ó ṣí. A jẹ́ pé ìkànnì náà kò kú, inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ wà. Mo pa ráótà, mo kà dé ọgbọ̀n, mo tún un tàn. Kò yí padà.

Ó wá ku DNS. DNS dà bí ẹni tí a ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀: a ó dárúkọ ìkànnì, òun yóò sọ nọ́ńbà ibi tó wà fún kọ̀ǹpútà wa. Bí ẹni náà kò bá mọ ibẹ̀, tàbí kò fẹ́ kí a débẹ̀, a ò ní débẹ̀. Mo yí ti laptop mi sí 8.8.8.8, tí í ṣe ti Google. Ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Mo mú bébà, mo pín in sí méjì. Mo kọ àwọn ìkànnì tó ṣí sí apá ọ̀tún, mo kọ àwọn tó kọ̀ sí apá òsì. Àbúrò mi wá dúró lẹ́yìn mi, ó wò ó títí.

"Bọ̀dá mi, gbogbo èyí tó kọ̀ ni 'diabetes' wà nínú orúkọ wọn."

Òótọ́ ni. Ìkànnì ọsibítù kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn kan náà ṣí, nítorí orúkọ ọsibítù ni ó ń jẹ́. Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ wo lẹ fi sínú ráótà lọ́jọ́ tí ẹ rí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn?"

Ara mi tutù. Mo ti gbàgbé pátápátá. Mo ṣí 192.168.1.1, mo tẹ páwọ́ọ̀dù, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dí ìkànnì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́: bet. Mo ti ní kí ráótà dí gbogbo ìkànnì tó bá ní lẹ́tà mẹ́ta yẹn nínú orúkọ. Mo rò pé tẹ́tẹ́ ni mo dí. Ẹ wo diabetes: d, i, a, lẹ́yìn náà b, e, t.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jù mí lọ. Ní 1996, àwọn ará ìlú Scunthorpe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ AOL, nítorí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ rí èébú láàárín orúkọ ìlú wọn. Títí dòní, orúkọ ìlú náà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń pe irú àṣìṣe yìí.

Èyí tó dùn mí jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni mí. Láti 100 level ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé lẹ́tà nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ẹ kọ i, gb, a sílẹ̀ láìfi àmì sí i, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá igba tí à ń kà lówó ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tó ń lọ, tàbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tó bá rí lẹ́tà mẹ́ta náà tó sì ti dájọ́, kò tíì kàwé. Ohun tí mo ní kí ráótà máa ṣe nìyẹn. Ohun tí mo ṣe fún àbúrò mi náà nìyẹn: mo rí tíkẹ́ẹ̀tì kan, mo gbà pé mo ti kà á tán.

Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ìkànnì ṣí. Màmá wọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n kà á pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, àti pé ìwọ̀n oúnjẹ ṣe pàtàkì. Wọ́n ké sí bàbá: "Olówó orí mi, iyán kò lọ o. Òkèlè ló máa dín kù, ẹ̀fọ́ ló máa pọ̀."

Bàbá dáhùn láti yàrá: "Òkèlè mélòó?"

Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún àbúrò mi pé kó má bínú. Ó wo ilẹ̀. "Bọ̀dá mi, bet tí ẹ dí yẹn kò dí mi lọ́wọ́. Dátà ni mo ń lò." Ó ti pàdánù ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà nínú owó lẹ́sìnnì rẹ̀, ó sì ń ta á lọ kó lè rí i gbà padà. "Ẹ kò bi mí rí," ló wí. "Ẹ kàn pariwo ni."

A jókòó síbẹ̀ títí iná fi lọ. Ní ọjọ́ kejì, a jọ sọ fún màmá. Ó pa àwọn áàpù tẹ́tẹ́ náà rẹ́ lórí fóònù rẹ̀ lójú mi, ó ní kí n tún ṣí ráótà. Mẹ́ta ni àwọn ìkànnì tó kà fún mi.

"Ẹ kọ orúkọ wọn pé," ló wí. "Ẹ má tún gé e kúrú."